Ẹ̀rọ Tí Yóò Bá Mi Délé

Ọdún mẹ́rìnlá ni kọ̀ǹpútà ńlá fi jókòó sórí tábìlì mi
ní ọ́fíìsì Lọ́yà Akíndolíre, l'Álágbàká.
Bí mo bá tàn án láàárọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́,
á kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí kó tó sùn tẹ́rùn.
Màá ti po tíì, màá ti mu ún tán,
kí ojú rẹ̀ tó là.
Bí iná bá lọ, àpótí abẹ́ tábìlì á máa ké píì, píì,
ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fún mi
kí n fi kó ìwé ìbúra ẹlẹ́ni pa mọ́.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kò ké. Ó kàn dákẹ́.
Ìwé ilẹ̀ àwọn ará Ìsìkàn bá a lọ,
ojú ewé mọ́kànlá.

Lọ́yà ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà sí mi lọ́wọ́.
"Wá èyí tó ṣeé gbé. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ.
Kí o sì mú ṣéńjì wá."
Ṣéńjì! Mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Ní Ọyẹ́mẹ́kùn, ọmọkùnrin kan, Adégoróyè,
to láptọ́ọ̀pù mẹ́ta síwájú mi bí ẹni tó pàtẹ ẹja.
Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn.
Èkíní ń dán, ó fẹ́lẹ́ bí ewé.
Mo tẹ orúkọ mi, Mọ́rádékẹ́.
Ó kọ Moradee.
"Àǹtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìka yín ni kò lágbára."
Ìka tèmi!
Ìka tó ti tẹ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àti ìwé ìhágún
fún ìdajì ìlú yìí!

Ó ní ìrántí èyí èkejì jẹ́ mẹ́jọ, ti ìyókù jẹ́ mẹ́rin.
Mo bi í pé ìrántí tèmi ńkọ́, mélòó ni?
Mo ní kó fa wáyà yọ.
Ẹ̀rọ náà kú kí n tó pe Jésù tán.
"Bátìrì lásán nìyẹn, ẹ ó máa fi iná lò ó."
Iná wo? Ní Àkúrẹ́ wo?

Ó wá ku èyí tó sanra, tí igun rẹ̀ kan ti fọ́,
tí ẹnìkan fi abẹ́rẹ́ họ orúkọ sí nídìí,
orúkọ òkè òkun tí ahọ́n mi ò lè pè.
Bọ́tìnnì rẹ̀ jìn. Mo kàn án, ó jẹ́ mi.
Mo fa wáyà rẹ̀ fúnra mi,
mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo ń wo aago.
Òjò dé, òjò dá.
"Àǹtí, ẹ ò níṣẹ́ ni?"
Mo ní, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí.
Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ló tó kú.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́sàn-án, a parí ẹ̀ sí mẹ́tàlélógóje.
Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ra máòsì.
Mo dá mẹ́rin padà fún Lọ́yà,
ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n gbé àgbà kúrò,
ojú ibi tó jókòó sí funfun láàárín tábìlì,
ìdérí bírò kan wà níbẹ̀, àti eyín òòyà mi kan.
Lágogo mẹ́ta ààbọ̀, iná lọ.
Ọwọ́ mi ti na sí báàgì.
Àṣé iná tó ń lọ yẹn ni agogo ìsinmi mi láti ọjọ́ yìí wá!
Lọ́yà ké láti inú yàrá rẹ̀:
"Ó ṣì ń tàn, àbí? Máa bá a lọ.
Ìyókù, gbé e délé."

Aago mẹ́wàá alẹ́ rèé, l'Ókè-Àró.
Ọmọ mi ti sùn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ wà lójú mi.
Ilẹ̀ Ìsìkàn, ojú ewé keje.
Èmi tí mo fi ẹ̀pà ṣọ́ bátìrì yìí,
tí mo yàn án nítorí pé kì í tètè kú,
èmi náà ni mo wò ó báyìí,
tí mò ń gbàdúrà
kó kú.